libqrencode: Ó Mọ Ẹrù Dì

Kóòdù QR tí iléeṣẹ́ Denso Wave gbé jáde ní Japan lọ́dún 1994 kì í ṣe fún àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ohunkóhun tó bá ti di báìtì ló lè gbà: kọ́kọ́rọ́ àṣírí, fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀, ìbuwọ́lù orí kọ̀ǹpútà. Irú ẹrù yìí ló ń fi agbára láíbìrì tó ń ṣe kóòdù QR hàn. Òun náà ni mo fi yẹ libqrencode wò, èyí tí Kentaro Fukuchi kọ ní èdè C, tó sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé.

Ohun àkọ́kọ́ tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò gbára lé láíbìrì mìíràn. Ẹ kó báìtì fún un, yóò dá àwọn àpótí dúdú àti funfun padà, kí ẹ wá yà wọ́n síbi tó bá wù yín. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún kóòdù kan, ó lè pín in sí kóòdù tó tó 16. Kóòdù tó tóbi jù lọ, tó ní àpótí 177 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ń gba báìtì 2,953 ní ìpele L, tó kéré jù lọ nínú àwọn ìpele ìfaradà ìbàjẹ́. Ní ìpele H, tí kóòdù ti lè bàjẹ́ dé nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kó ṣì ṣeé kà, 1,273 péré ni. Irinṣẹ́ qrencode tó bá láíbìrì náà rìn máa ń mú L bí ẹ kò bá yan ìpele kankan. Ẹni tó fẹ́ lẹ kóòdù mọ́ ògiri níta gbọ́dọ̀ yí i padà.

Àléébù rẹ̀ tó dùn mí jù wà lára orúkọ àwọn fọ́ńṣọ̀n rẹ̀. Fọ́ńṣọ̀n QRcode_encodeString8bit máa ń dúró níbi tó bá ti kọ́kọ́ pàdé báìtì òdo, torí bí èdè C ṣe ń mọ òpin ọ̀rọ̀ nìyẹn. QRcode_encodeData ní tirẹ̀ ń béèrè iye báìtì, ó sì ń gbé gbogbo wọn. Ẹni tó bá rí “8bit” lára ti àkọ́kọ́ yóò rò pé ohun tóun ń wá nìyẹn. Kóòdù yóò jáde, yóò mọ́ rekete, kámẹ́rà yóò kà á, ṣùgbọ́n apá kan fáìlì ti sọnù láìsí ìkìlọ̀. Ìwé àlàyé ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é.

Ìṣòro tó ju ìyẹn lọ wà lọ́dọ̀ ẹni tó máa tú ẹrù náà. libqrencode kì í ka kóòdù. Ọ̀pọ̀ áàpù orí fóònù sì gbà pé ọ̀rọ̀ kíkà ló wà nínú gbogbo kóòdù, wọ́n á wá máa méfò bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó kan àwa náà: “ọ̀” kan ṣoṣo ń gba báìtì 5 ní UTF-8, bí áàpù bá sì méfò òdì, wúruwùru ni yóò gbé jáde. Ìdí nìyí tí ìwé ẹ̀rí Kòrónà ilẹ̀ Yúróòpù fi gba ọ̀nà Base45, tó ń sọ báìtì 2 di àmì 3 nínú nọ́ńbà, lẹ́tà ńlá àti àwọn àmì díẹ̀ tí QR ní ààyè pàtàkì fún. Bíìtì 16 tó wà nínú báìtì 2 náà di 16 ààbọ̀ nínú kóòdù. Àdánù náà kò tó nǹkan.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ ètò tó máa ka kóòdù náà, ẹ kó báìtì sí libqrencode ní tààrà nípasẹ̀ QRcode_encodeData. Tó bá jẹ́ fóònù ẹni tẹ́ ò mọ̀ ni yóò kà á, ẹ kọ́kọ́ gba Base45 kọjá. Iṣẹ́ tó dáńtọ́ ni libqrencode, ó sì yẹ kí ìkìlọ̀ nípa báìtì òdo wà ní ojú ìwé àlàyé rẹ̀ àkọ́kọ́.