Ojúlówó àti Àdàmọ̀dì: Àyẹ̀wò Ìgbéraga Àwọn Olólùfẹ́ Ọkọ̀ Porsche

Láàrin àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ Porsche ti ilẹ̀ Jámánì, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń ya ọmọ onílé sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò, ìyẹn ni ojúlówó. Lójú àwọn tó le jù nínú wọn, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Porsche gbọ́dọ̀ wà, afẹ́fẹ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ máa tù ú, kì í ṣe omi. Ẹni tó bá gbé irú mìíràn wá sí àwùjọ wọn, ìmú ni wọn yóò yín sí i.

Ọkọ̀ 924, tó jáde ní 1976, jẹ ìyà yìí púpọ̀. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, omi ni ó sì ń tù ú. Nítorí pé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù LT ti Volkswagen, wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù lásán ni. Ní 1997, ó kan 911 fúnra rẹ̀. Òfin nípa ariwo àti èéfín ti le sí i, omi sì rọrùn láti fi pa á mọ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí 911 tuntun tí a mọ̀ sí 996 ṣe di olómi nìyẹn. Àwọn ẹlẹ́gàn kò gba àlàyé. Wọ́n fi iná iwájú rẹ̀ wé ẹyin díndín.

Ṣùgbọ́n bí a bá tọ odò yìí lọ sí orísun rẹ̀, a ó rí i pé àlà tí wọ́n pa kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1948, ní Gmünd ní ilẹ̀ Austria, ni a ṣe 356 àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì Volkswagen, ọkọ̀ tí àwọn Yorùbá sọ ní Ìjàpá, ni wọ́n tún ṣe sínú rẹ̀. Àárín ọkọ̀ náà ni wọ́n sì gbé e sí, níwájú àwọn táyà ẹ̀yìn. Orúkọ 911 pàápàá kì í ṣe àmútọ̀runwá: 901 ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, kí Peugeot tó ta kò ó ní 1964. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn ẹlẹ́gàn wọn Porsche àkọ́kọ́, kò ní yege.

A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Ìfẹ́ wọn ni kò jẹ́ kí ìmọ̀ àtúnṣe àwọn ọkọ̀ àtijọ́ parun. Síbẹ̀, ìtọ́jú ohun àtijọ́ yàtọ̀ sí ìkẹ́gàn ohun tuntun. Boxster olómi ti 1996 àti Cayenne ti 2002 wà lára ohun tó gbé ilé-iṣẹ́ náà dìde lẹ́yìn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní àdàmọ̀dì ni kò jẹ́ kí ilé ojúlówó dahoro.

Olùkọ́ èdè kò ní ṣàì rí ara rẹ̀ nínú dígí yìí. Ẹni tó ń fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀sín nítorí pé ó pe ọkọ̀ ní mọ́tò ti gbàgbé pé àlùbọ́sà tó wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, àti àlàáfíà tó ń tọrọ láràárọ̀, láti èdè mìíràn ni wọ́n ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ṣẹ̀sín á dákẹ́, kò sì ní fi èdè náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Kí olólùfẹ́ èdè àti olólùfẹ́ ọkọ̀ má ṣe lé àwọn tí yóò jogún ohun tí wọ́n fẹ́ràn.