"-ing" kì í ṣe orúkọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ṣòkòtò lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mi lọ́jà Tẹjúoṣó. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ń múra ìdánwò WAEC. Ó fi ìwé pélébé kan hàn mí. Wọ́n ní kó sọ isọ̀rí "sewing" nínú "Sewing is hard work." Ó kọ "noun." Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé ní "verb," ló bá fagi lé tiẹ̀. "Bàbá, ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ní -ing nídìí, verb ni?"

Ẹ gbọ́ ná: òun ló gbà á, ìwé ló ṣì í lọ́nà!

Mi ò ní dárúkọ ẹni tó kọ ìwé náà. Owó rẹ̀ ò wọ́n, àpẹẹrẹ ibẹ̀ sì pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìrù ọ̀rọ̀ ló ń wò, kò wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe.

Mo ní kí ọmọ náà fi Yorùbá dán an wò. "Sewing is hard work": aṣọ rírán. Orúkọ iṣẹ́ ni, òun sì ni olùwà gbólóhùn; gerund nìyẹn. "The girl sewing by the door": ọmọ tó ń ránṣọ. Ó ń ṣàpèjúwe "girl", participle nìyẹn. "She came to sew": ó wá láti ránṣọ; infinitive nìyẹn. Inú "She is sewing" nìkan ni "sewing" ti bá "is" ṣe iṣẹ́ verb: ó ń ránṣọ. Maṣíìnì iwájú rẹ̀ ńkọ́? "Sewing machine" kì í ṣe maṣíìnì tó ń dá ránṣọ. Maṣíìnì ìránṣọ ni.

Ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ o. "To sew is hard," aṣọ rírán náà la máa pè é. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni Yorùbá jẹ́ níbí, ẹ ṣì máa fẹsẹ̀ ara yín rìn.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ènìyàn lójú. Nínú gírámà Gíríkì àtijọ́ tí wọ́n kà sí ti Dionysius Thrax, participle dá dúró láàárín isọ̀rí mẹ́jọ. Orúkọ tí wọ́n fún un fi hàn pé alájọpín ni, ó mú lára noun, ó mú lára verb. Gerund náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: nínú "sewing agbada is hard," noun ni, síbẹ̀ ó ní àbọ̀ bíi verb.

Èdè tiwa náà ń ṣe é. "Ẹja yíyan ò rọrùn": iṣẹ́ là ń sọ. "Mo ra ẹja yíyan": ẹja fúnra rẹ̀ là ń sọ. Ìrísí kan, iṣẹ́ méjì. Ìdí nìyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú A Grammar of Yoruba (1966), fi wo ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú ìhun.

WAEC fúnra wọn máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan méjì nípa ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀: kí ni orúkọ rẹ̀ nínú gírámà, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ẹni tí a kọ́ ní ìrù ọ̀rọ̀ nìkan, kí ló fẹ́ fi dáhùn èkejì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé wò kẹ́ ẹ tó fi máàkì sí i. Ọmọ náà ti tún "noun" rẹ̀ kọ.