Johnson Kọ Tirẹ̀, Àwa Ńkọ́?

Ìbà, nítòsí Okokomaiko, ni mò ń gbé, ní agbègbè Ọ̀jọ́. Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni The History of the Yorubas, tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ.

Ìdí tó fi kọ ọ́ ló kọ́kọ́ wù mí. Ó dùn ún pé àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìsì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ tiwọn. Ó parí ìwé náà ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, tó fi jáde ní 1921.

Síbẹ̀, mo ní àríwísí kan. Ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin, àwọn òpìtàn ààfin Ọ̀yọ́, ni Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ. Nítorí náà, Ọ̀yọ́ ló gba ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwórì sì ni bàbá mi àgbà. Ní alẹ́ tí mo ń túmọ̀ ìwé náà fún wọn, wọ́n gbọ́ títí, wọ́n ní, "Ó dára. Àwa ńkọ́?" Wọ́n wá sọ bí Ọlọ́fin ṣe tẹ̀ lé àwo tó léfòó lórí omi, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrí. Wọ́n ní "àwo ti rì" ló di Àwórì. Ojú tì mí. Mo mọ Mungo Park dáadáa, n kò mọ èyí.

Àgbà òṣìkà ní í gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. N kò dá Johnson lẹ́bi, nítorí ẹnìkan kò lè gbọ́ gbogbo ìtàn tán. Àwa tí à ń kọ́ ọjọ́ àti orúkọ sórí nítorí ìdánwò ni mò ń bá wí. A kì í béèrè ẹni tó sọ ìtàn, àti ẹni tí wọn kò bi léèrè. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ni Johnson fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí á ka Johnson, kí ẹ sì rán wa sí àwọn àgbà ilé. Nígbà tí ìwé Johnson sọnù, àbúrò rẹ̀ rí àkọsílẹ̀ tó fi tún un kọ. Bí bàbá mi àgbà bá lọ lónìí, kí ni èmi yóò fi kọ tiwọn?