Ìràwọ̀ Mélòó Ni Ká Fún Máì Ṣáì?

"Kò sí ilé kọfí ní Mápó." Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wa tó bá ti mọ ojú ọ̀nà Bódìjà. Ilé kọfí tiwọn ni èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, Wi-Fi, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè fi gba iná sí laptop, àti kọ́ọ̀pù tí wọ́n fi mílíìkì ya òdòdó sí lójú. Lóòótọ́, ìyẹn ò sí lápá ibí. Àmọ́ bí ilé kọfí bá jẹ́ ibi tí èèyàn ti lè fi owó díẹ̀ ra ohun gbígbóná, kó jókòó tì í, kó sì gbọ́ ohun tó ń lọ nílùú, a jẹ́ pé láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, kò wọ́n rárá. Máì ṣáì là ń pè é. Lẹ́nu àwọn Hausa la ti yá orúkọ náà. Onítíì ló túmọ̀ sí.

A lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, lálẹ́ àti láàárọ̀, nísàlẹ̀ òkè tí gbọ̀ngàn Mápó ti wà láti 1929. Kò sí pátákó níbẹ̀. Tábìlì kan, bẹ́ǹṣì mẹ́ta, agbòòrùn ńlá kan, kẹ́tùlù dúdú lórí èédú, àti agolo mílíìkì tí wọ́n tò léra wọn bí ẹni ń mọ ilé.

Kọfí la kọ́kọ́ ní kó ṣe. Ẹ jẹ́ ká má purọ́, kò dáa. Nescafé inú ọ̀rá kékeré ni, mílíìkì sì pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì bàbà. Ṣúgà oníhóró mẹ́rin! Kíkorò tí èèyàn torí ẹ̀ mu kọfí ti rì pátápátá. Ẹjọ́ máì ṣáì kọ́, ohun tó rí rà ló ń tà. Ohun tó ń dun àwa ni pé CRIN, ilé ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti Ìbàdàn níbí. Kọfí àti tíì wà lára ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Síbẹ̀, ohun tí a bá lórí tábìlì yẹn ni èyí tí wọ́n gbé jáde ní Switzerland ní 1938.

Tíì ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Lọ́dọ̀ wa, Milo tíì ni, Bournvita tíì ni, Lipton náà tíì ni, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kí ẹ tó mu. "Èwo nínú ẹ̀? Ṣé kó le àbí kó dùn?" Lẹ́yìn náà ló gbé kọ́ọ̀pù kan sókè dé èjìká, ó fi ìkejì sísàlẹ̀, ó ń da tíì láti inú ọ̀kan bọ́ sínú ìkejì, ẹ̀kán kan ò ta sílẹ̀. Eré ojú lásán kọ́ o. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pò ó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tù ú, títí ó fi hó lókè. Tíì tó kúnnú ni. Búrẹ́dì àti ẹyin díndín náà dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òróró rẹ̀ pọ̀ jù.

Àwa tí à ń kọ sọ́fúwíà jẹun mọ̀ pé ohun tí fọ́ọ̀mù ò bá bèèrè, àfi bíi pé kò sí ni. Fọ́ọ̀mù oníràwọ̀ márùn-ún ò bèèrè bóyá wọ́n ń tàwìn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọlọ́kadà kan mu tíì, ó jẹ búrẹ́dì, ó ní, "Àbókí, ó di ọ̀la o," ó sì lọ. Máì ṣáì mi orí, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ ni àbókí ní èdè Hausa. Ọ̀pọ̀ wa ló ń pe ẹni tó ń bọ́ wa láàárọ̀ ní ọ̀rẹ́ láìmọ orúkọ ẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì gan-an la ti máa yọ ìràwọ̀. Lẹ́ẹ̀mejèèjì tí a lọ, a ò rí obìnrin kan tó jókòó. Wọ́n ń wá o, wọ́n á rà, wọ́n á dúró gbà á, wọ́n á gbé e lọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ obìnrin jókòó, àríyànjiyàn lórí Shooting Stars dákẹ́ lójijì. Wọ́n sún fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ ọ̀wọ̀ àlejò ni. Àwọn tó sì dákẹ́ yẹn, ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, kì í ṣe máì ṣáì.

Nítorí náà: kọfí, 2. Tíì, 5. Ẹyin, 4. Bẹ́ǹṣì, 2. Ẹ má ní ká pín in lọ́gbọọgba o, a ò ṣe. Àwọn tó ń fún un ní 5 nítorí pé "tiwa ni," àtàwọn tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó jọ pé kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò nínú wọn.

Bí ẹ bá ń lọ, alẹ́ ló dáa jù. Ẹ mú owó bébà dání, torí nẹ́tíwọ̀kì báǹkì lè já yín kulẹ̀. Kí ẹ sì tètè sọ pé ṣúgà méjì lẹ fẹ́, kó tó nawọ́ sí páálí ẹ̀.