Ilé Àdùnní ní Òṣogbo: Kí La Lọ Wò Níbẹ̀?

Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ti padà dé sí Jọ́ọ̀sì láti Òṣogbo, oríṣi ìbéèrè méjì ló ń dé etí mi. Àwọn kan ń bi mí pé, "Pásítọ̀, kí lẹ kó àwọn ọmọ wa lọ ṣe nílé olórìṣà?" Àwọn mìíràn tí wọ́n rí fọ́tò lórí fóònù ń bi mí pé ìgbà wo la tún ń lọ. Mo fẹ́ dá ẹ̀yin méjèèjì lóhùn pọ̀. Kì í ṣe ilé yẹn nìkan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò o. Mo fẹ́ yẹ àwa tí a lọ wò ó wò pẹ̀lú, èmi gan-an la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ilé náà wà ní ọ̀nà Ìbòkun ní Òṣogbo. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé mú wọ ilẹ̀ wa. Susanne Wenger, tí gbogbo Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ló gbé inú rẹ̀. Wọ́n bí i ní Graz, ní ilẹ̀ Austria, ní 1915. Ó dé Nàìjíríà ní 1950 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier. Àìsàn ikọ́ tó le kọ lù ú níbí. Lẹ́yìn ìyẹn ló sún mọ́ Àjàgẹmọ, àgbà olórìṣà Ọbàtálá ní Ẹdẹ, wọ́n sì gbà á wọ ẹgbẹ́ olórìṣà. Ó tún fẹ́ onílù kan lọ́kọ. Òṣogbo náà ló kú sí ní oṣù kìíní 2009, lẹ́ni ọdún 93. Lónìí, ọmọ ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àlejò láti òkèèrè máa ń lọ wo ilé náà lẹ́gbẹẹgbẹ́.

Àwa náà lọ. Ọ̀dọ́ mọ́kànlélógún àti àgbà márùn-ún ni wá, bọ́ọ̀sì méjì. A sùn ní Lọ́kọ́ja kí ilẹ̀ tó mọ́ tí a tún gbéra. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí, Jọ́ọ̀sì la bí wọn sí. Hausa ni wọ́n fi ń ṣeré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kàwé, Yorùbá wọn kò ju ti inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ìyá àgbà lọ. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń wá ni kí wọ́n fojú rí nǹkan kan tí ọwọ́ ọmọ Yorùbá ṣe, kì í ṣe kí wọ́n máa gbọ́ ọ lẹ́nu wa lásán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dára ná. Ilé Àdùnní kò jọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ti ń ti nǹkan mọ́ inú gíláàsì. Ilé èèyàn ni. Ère igi ló kún ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ há, èèyàn ní láti máa rọra gbé ẹsẹ̀. Èyí kọ́ àwọn ọmọ wa ní nǹkan kan tí mi ò lè fi ìwàásù kọ́ wọn: iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun tí à ń lọ rà lọ́jà láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nìkan. Èèyàn lè máa gbé pẹ̀lú rẹ̀, kó máa jẹun nítòsí rẹ̀, kó máa dàgbà lójú rẹ̀.

Ibi aṣọ ló tún dùn jù. Àdùnní fi ẹ̀kọ pákí ya àwòrán sórí aṣọ, bí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ti ń ṣe. Àwọn ọmọ ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìyá kan nínú àwọn àgbà tó bá wa lọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nìyẹn. Ó ní ìyẹ́ adìẹ ni ìyá òun fi ń ya á ní Abẹ́òkúta. Ó ní ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní lè wọ ibẹ̀, bí a bá wá fọ ẹ̀kọ kúrò, funfun ló máa kù. Ó ní, "Àmọ́ ẹ̀kọ ọ̀hún ò gbọdọ̀ ṣàn jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aró á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé." Àwọn ọmọ yí i ká. Ó ti lé lógún ọdún tí ìyá yìí ti wà nínú ìjọ wa, kò sí ẹni tó bi í rí. A rin ìrìn-àjò ọjọ́ méjì kí a tó mọ ohun tó wà lórí bẹ́ǹṣì kẹta nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tí a ti kùnà. Èmi ni mo kọ ìwé pélébé tí a pín nínú bọ́ọ̀sì. Ojú-ewé méjì ni, ó sì ní àléébù méjì.

Èkíní, orúkọ Àdùnní kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, orúkọ ọmọ Òṣogbo kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Àdùnní ò dá ṣe é. Nígbà tó ń tún àwọn ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun ṣe, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló bá a ṣe é: Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà kó tó di ẹni tí ayé ń pè ní ayàwòrán pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì; Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi; Bùráímọ̀ Gbádámọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta; Sàká Àrẹ̀mú àti àwọn míì. Ẹ wo orúkọ wọn, ẹ ó rí i pé ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti sọ díẹ̀ nínú wọn lórúkọ. Nígbà tí mo bi àwọn ọmọ wa lójú ọ̀nà pé kí ni wọ́n rí, ọ̀kan dáhùn pé, "Òyìnbó kan wá kọ́ àwa Yorùbá ní iṣẹ́ ọnà." Ìwé mi ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo kó ọmọ Yorùbá láti Jọ́ọ̀sì wá sílé kó lè mọ iyì ara rẹ̀, mo sì tún gba iyì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, mo kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé, "Àṣà la fẹ́ lọ wò, kì í ṣe ẹ̀sìn." Mo kọ ọ́ kí àwọn òbí lè fọkàn balẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará, irọ́ ni. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá ló tú mi fó. Ó dúró níwájú àwọn ère, ó ní, "Pásítọ̀, ṣé àwọn tó ṣe nǹkan wọ̀nyí gbà á gbọ́ ni, àbí wọ́n kàn ń ṣe é ni?" Mo ní láti sọ òótọ́ fún un pé wọ́n gbà á gbọ́, pé Àdùnní fi ayé rẹ̀ sìn ín, pé àwa ò gbà á gbọ́, pé Jésù Olúwa la mọ̀. Ẹ̀rù ò bà á. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí àgbàlagbà dá a lóhùn lọ.

Àwa yòókù ńkọ́? Arákùnrin kan ń pariwo "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò wo ohunkóhun. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ń ya fọ́tò, wọ́n ń ki ọwọ́ bọ ère lẹ́nu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ìwà méjèèjì yàtọ̀, àmọ́ ọ̀kan náà ni: kò sí ẹni tó wò ó nínú wọn. Ẹ rántí Pọ́ọ̀lù ní Áténì. Ọkàn rẹ̀ gbóná sí àwọn òrìṣà ìlú yẹn, síbẹ̀ ó rìn káàkiri, ó fara balẹ̀ wo àwọn ohun tí wọ́n ń sìn kó tó lanu wàásù. Ẹni tí kò wò, kí ló fẹ́ bá wọn sọ?

Nǹkan kan tún wà tí a kì í sọ fún àwọn ọmọ, torí pé ọ̀rọ̀ náà kan ìjọ Ọlọ́run. Ní Òṣogbo kan náà, ọmọ kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà kan wà tó ń jẹ́ Dúró Ládípọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1961, ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ìlù ilẹ̀ wa sí i. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ò fẹ́ ẹ. Ó gbé ẹ̀bùn rẹ̀, ó jáde. Ní 1962 ni òun àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ayàwòrán Òṣogbo ti jáde. Ní 1964, ó gbé eré rẹ̀, Ọba Kò So, dé Berlin. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kò lu dùndún?

Kì í ṣe gbogbo ìjọ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ṣí ibi iṣẹ́ kan sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fadá Kevin Carroll sì gba àwọn agbẹ́gilére síbẹ̀. Báńdélé, ọmọ Aréógun tí òkìkí rẹ̀ kàn, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ tó jẹ́ Mùsùlùmí kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtàn Ìwé Mímọ́ ni wọ́n ń gbẹ́, àmọ́ wọ́n wọ aṣọ ọba Yorùbá fún àwọn Amòye tó wá kí Jésù. Ẹni tó bá ka Ẹ́kísódù orí 31 mọ̀ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ pe Bésálẹ́lì lórúkọ, ó sì fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún un fún iṣẹ́ ọwọ́.

Ó wá ku ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa máa ń bu amọ̀ létí kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀, á fi mọ orí èèyàn. Nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀, ó mọ Màríà àti ọmọ rẹ̀, ó gbé e wá bá mi. Mo ní kó lọ fọ́ ọ, kí àwọn aláìlera má bàa kọsẹ̀. Ó fọ́ ọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò mọ nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà, ó ń tún fóònù ṣe báyìí. Ó wà lára àwọn tó bá wa lọ. Nígbà tí a kúrò nílé Àdùnní tí a dé igbó Ọ̀ṣun, ó dúró pẹ́ níwájú iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Adébísí Àkànjí. Mo sọ fún un pé bíríkìlà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, ta ló kọ́kọ́ sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ dára?" Mo dákẹ́. Mo mọ̀ ọ́n: Àdùnní àti Ulli Beier ni. Kò ṣeé sọ lẹ́nu mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bínú pé a lọ, ẹ gbọ́: a ò lọ sí ọdún Ọ̀ṣun, èyí tí wọ́n ń ṣe ní oṣù kẹjọ, a ò sì ní í lọ. Ìjọsìn nìyẹn, àwa ò lọ jọ́sìn. Àmọ́ ẹ má sọ pé kí ọmọ má wo ohun tí yóò bá pàdé lọ́jọ́ kan nígbà tí kò ní sí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kánjú pé ká tún lọ, a ò ní í lọ bí a ti lọ. A ó máa wọlé ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. A ó tọrọ àyè ká tó ya fọ́tò. A ó kọ orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ sínú ìwé, a ó sì sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ àti ohun tí àwa gbà gbọ́ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ṣáájú gbogbo ìyẹn, ìyá wa tó mọ àdìrẹ ṣe yóò kọ́ àwọn ọmọ ní gbọ̀ngán ìjọ, ní Sátidé méjì. Ó ti gbà.

Mo ti lọ bá ọmọkùnrin yẹn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó mọ ìbí Jésù fún wa fún Kérésìmesì tó ń bọ̀, kí a gbé e síwájú ìjọ. Ó ń tú fóònù kan lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní òun á rò ó. Ẹ bá mi gbàdúrà kó gbà.