Ilé Tí Ó Ń Wàásù

Àwòrán kan wà tí ó máa ń padà wá sí ọkàn mi. Ní 1969 ni wọ́n yà á. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n ti lé e jáde kúrò nínú ilé tí ó ti jẹ́ tirẹ̀. Josephine Baker, gbajúgbajà oníjó àti olórin, ni obìnrin náà. Ilé ọ̀hún ni Château des Milandes, ní agbègbè Dordogne ní ilẹ̀ Faransé.

Ilé yìí kò ṣàjèjì sí obìnrin tí ó mọ ohun tí ó ń fẹ́. Ní 1489, François de Caumont kọ́ ọ fún ìyàwó rẹ̀, Claude de Cardaillac, tí odi agbára Castelnaud kò tù lára. Josephine háyà rẹ̀ ní 1937, ó sì rà á ní 1947. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó gba àwọn tí ń bá Jámánì jà ní ìkọ̀kọ̀ sílé níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun ni òun àti ọkọ rẹ̀, Jo Bouillon, bẹ̀rẹ̀ sí gba ọmọ tọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀, títí wọ́n fi pé méjìlá. Ó fẹ́ fi han aráyé pé àwọ̀ àti ẹ̀sìn kò lè dí ìfẹ́ lọ́wọ́. Kò sì ṣàdédé ronú bẹ́ẹ̀: ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí wọ́n pa àwọn aláwọ̀ dúdú nípakúpa ní East St. Louis, ní òdìkejì odò sí ìlú rẹ̀, ní 1917.

Síbẹ̀, ibi tí àwọn mìíràn ti ń yìn ín ni ara ti ń kọ mí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Milandes, ọmọ ni wọ́n kó jọ kí ilé lè lórúkọ. Àwọn àlejò ń sanwó wọlé. Ilé ìtura wà, ilé oúnjẹ wà, àwọn ọmọ náà sì wà lára ohun tí wọ́n wá wò. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí ọmọ ní ibì kan tí kò ti ní láti jẹ́ àpẹẹrẹ fún ẹnikẹ́ni. Owó ìwọlé kò ká ìnáwó, gbèsè gorí gbèsè, wọ́n sì ta ilé náà mọ́ ọn lórí.

Lónìí, aṣọ eré rẹ̀ ni wọ́n pàtẹ síbẹ̀ fún àwọn àlejò. Èmi kò dá a lẹ́bi tán, nítorí pé ẹni tí wọn kò fún ní ààyè nílùú rẹ̀ ni ó wá ààyè fún ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé gbé e wọ Panthéon ní 2021, Monaco ni òkú rẹ̀ wà síbẹ̀. Erùpẹ̀ ni wọ́n bù sínú pósí náà. Erùpẹ̀ Milandes wà lára rẹ̀.