Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Omi Ẹja ní Ìlọrin

Ẹ bá mi kí àwọn tó ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ ní Ìlọrin, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó nǹkan bíi 28°C, ẹyin á pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Bó bá tutù, á pẹ́, òmíràn á sì bu. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń jí lóru wo tẹmómítà, tí wọ́n ń bo ọpọ́n. Ooru àpọ̀jù náà kò dáa: omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú, ọmọ ẹja kéékèèké kò sì tíì lè yọjú sókè láti mí bí ìyá wọn. Irú ìfarabalẹ̀ yìí wú mi lórí gan-an. Bẹ́ ẹ bá ń ná ẹja wọn lọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọwó jù.